Òpó Áńténà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ní Gùn: Bí A Ṣe Ń Ri Òpó Rédíò Ham Sẹ́yìnkùlé

Òpó àkọ́kọ́ tí mo rì sẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn kò lò ju oṣù mẹ́jọ lọ. Ìjì oṣù kẹsàn-án ló wó o, orí táǹkì omi aládùúgbò wa ló sì wó lé. Páípù kò ṣẹ́. Kọ̀ǹkéré ìdí rẹ̀ kò mì. Okùn ló já: okùn iké aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tà lọ́jà, tó le koko lọ́jọ́ tí mo rà á, àmọ́ tí oòrùn ti jẹ títí tó fi ń bó lọ́wọ́ bí èèpo àgbàdo. Mo ra táǹkì tuntun fún wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé iṣẹ́ òpó, ilẹ̀ ló pọ̀ sí, kì í ṣe òkè. Àti pé òpó tí a kò bá lè tẹ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́, a kì í yẹ̀ ẹ́ wò.

Òpó tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, tí a fi ń gbé áńténà rédíò ham dúró (rédíò tí ẹni tó níwèé àṣẹ fi ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kárí ayé sọ̀rọ̀, kì í ṣe fún owó), ní hínjì nísàlẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Èèyàn mẹ́fà lè dá a sùn sílẹ̀ láàárín ọ̀sán kan, kí wọ́n tún gbé e dìde kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sẹ́ni tó máa gùn ún rárá.

Kí ẹ tó ra páípù

Ní Nàìjíríà, NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ rédíò ham, 5N sì ni àmì ìpè wa, ìyẹn orúkọ tí oníkálukú ń jẹ́ lórí rédíò, fi ń bẹ̀rẹ̀. Ti Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ TY, ti Tógò jẹ́ 5V. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ rédíò kọ́ ni ìwé àṣẹ òpó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń rí sí ètò ìkọ́lé ní ìpínlẹ̀ yín. L'Ékòó, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ LASIMRA ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ máàsì, ìyẹn òpó gíga. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà nítòsí pápákọ̀ òfuurufú, bí Aláàkíà tàbí Ìkẹjà, kó dé ọ̀dọ̀ NCAA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, kó tó gbẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú London, káńsù yín lẹ ó kọ̀wé sí. Ẹ̀yin ti Amẹ́ríkà, láti 1985 ni FCC, àjọ tó ń bójú tó rédíò níbẹ̀, ti pàṣẹ pé kí ìjọba ìlú fàyè tó bọ́gbọ́n mu gba áńténà ham, àmọ́ àṣẹ yẹn kò kan àdéhùn ẹgbẹ́ onílé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ra ilé.

Ẹ wá sọ fún àwọn aládùúgbò. Ẹ má fojú kéré èyí. Bí páípù gígùn bá kàn yọ lókè fẹ́ǹsì láìsí àlàyé, kíá ni wọ́n á ti máa sọ pé ẹ ti tà fún iléeṣẹ́ tẹlifóònù, pé ẹ sì ti gbowó. Èmi pe bàbá tó ni ilé ẹ̀yìn wa wọlé, mo gbé rédíò síwájú wọn, wọ́n gbọ́ ẹnìkan tó ń sọ̀rọ̀ láti Brazil. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di olùṣọ́ òpó mi.

Gíga tó tó

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń lá àlá máàsì mítà 30. Ẹ fi í sílẹ̀. Mítà 11 sí 12 tó fún bándì mítà 40 (gígùn ìgbì ni 40 yìí, kì í ṣe gíga òpó), ìyẹn 7.000 sí 7.200 MHz, tí mo kà sí bándì tó wúlò jù fún wa: lọ́sàn-án, ìgbì tó lọ sókè láti irú òpó bẹ́ẹ̀ máa ń padà wálẹ̀ sítòsí, tí Èkó, Kàdúná, Kọ̀tọ̀nú àti Àkrá fi ń gbọ́ wa, bílẹ̀ bá ti ṣú, Brazil àti Yúróòpù á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Àwọn tó dàgbà n'Íbàdàn ti mọ iṣẹ́ yìí. Láti 1959 tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀, ọparun àti páípù omi ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń gbé éríà tẹlifíṣọ̀n dúró. Ọmọ kan á máa yí i lóde, ẹlòmíràn á máa kígbe láti pálọ̀ pé "Ó ti dára! Fi í síbẹ̀! Áà, ó tún ti lọ." Ẹ̀gbọ́n éríà yẹn ni òpó tiwa.

Páípù gálífánáìsì méjì lẹ ó rà, oní mítà 6 kọ̀ọ̀kan: ínṣì 2 fún ìsàlẹ̀, ínṣì 1½ fún òkè. Oníwọ̀n àárín ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ gbé e wò kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ti ìsàlẹ̀ yẹ kó tó kìlógíráàmù 30, ti òkè kó tó 21. Bó bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Ibi tí yóò dúró

Wáyà iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ dúró níbi tẹ́ ẹ fẹ́ ri òpó sí, kẹ́ ẹ wọn ilẹ̀ títí dé abẹ́ wáyà NEPA tó sún mọ́ yín jù, àti èyí tó wọlé yín pàápàá. Bí àyè náà kò bá ju gíga òpó lọ pẹ̀lú mítà 3 ó kéré tán, ẹ wá ibòmíràn. Ní ti òpó mítà 11.4 tiwa, ìyẹn ju mítà 14 lọ. Bí wáyà ọ̀hún bá jẹ́ ti 11 kV tàbí 33 kV tó ń gba ìgboro kọjá, ẹ tún jìnnà sí i. Páípù irin tó bá já lé wáyà yẹn lórí nígbà tí èèyàn mẹ́fà dì í mú, gbogbo àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń pa. Mi ò ní àwàdà kankan láti ṣe lórí èyí.

Ẹ tún wo ibi tí òpó máa sùn sí tẹ́ ẹ bá dá a sílẹ̀: mítà 12 gbọ́dọ̀ ṣófo lápá kan, láìsí ilé adìẹ, láìsí mọ́tò. Púlọ́ọ̀tì 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà gbà á bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé ló ṣófo. Púlọ́ọ̀tì tí ilé ti kún dé fẹ́ǹsì kò gbà á; ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú rẹ̀, ẹ so wáyà áńténà mọ́ igi máńgòrò, kẹ́ ẹ sì gbádùn ara yín.

Iṣẹ́ inú ilẹ̀

Oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ilẹ̀ gbẹ, kòtò kì í ya, ẹ ó sì ti parí kí ìjì oṣù kẹta tó dé.

Kòtò ìdí: 60 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóòró, 90 nísàlẹ̀. Kòtò èèkàn mẹ́rin, níbi tí a máa so wáyà tó di òpó mú mọ́: ẹ wọn mítà 8 láti ìdí òpó sí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ gbẹ́ mítà kan sísàlẹ̀, 50 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóòró. Èèkàn ni mo ń pè é torí iṣẹ́ tí èèkàn ń ṣe fún ewúrẹ́ náà ló ń ṣe fún òpó. Àwọn kan ń lo apá mẹ́ta, ó sì dúró dáadáa. Mẹ́rin ni mo fẹ́, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ nígbà tí a bá ń gbé òpó dìde.

Ọ̀pá irin 16 mílímítà ni kí bàbá wẹ́dà tẹ̀ fún yín: ìkọ́ ńlá nísàlẹ̀ tí kọ̀ǹkéré yóò gbé mì, òrùka tí a jó pa lókè, kí òrùka náà yọ 30 sẹ̀ǹtímítà lórí ilẹ̀. Kí ọ̀pá náà dà sí ọ̀nà ibi tí wáyà máa fà á sí. Bó bá dúró ṣánṣán, ìjì á máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wáyà á sì máa dẹ̀. Ẹ da kọ̀ǹkéré 40 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀ kòtò èèkàn kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kejì, ẹ da erùpẹ̀ padà lé e, kẹ́ ẹ gún un ní ìpele ìpele. Símẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, gíráńìtì mẹ́rin. Àpò símẹ́ǹtì márùn-ún á tó gbogbo rẹ̀ pọ̀, bí bírikìlà kò bá ní ohun mìíràn tó ń fi ìyókù mọ.

Ẹ má so wáyà mọ́ fẹ́ǹsì o. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé ó máa dín ìnáwó kù. Búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́fà lè gbé ara rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ọ́n fún ẹni tó máa máa fà á láti ẹ̀gbẹ́.

Nínú kọ̀ǹkéré ìdí, ẹ ri irin pẹlẹbẹ méjì tó nípọn tó mílímítà 10, tí wọ́n dojú kọra bí etí méjì, tí páípù ínṣì 2 á bọ́ sáàárín wọn. Bọ́ọ̀tù 20 mílímítà tó gba inú àwọn méjèèjì àti páípù kọjá ni hínjì wa. Kí bọ́ọ̀tù yìí àti èèkàn ẹ̀gbẹ́ méjì wà lórí ìlà kan ṣoṣo: ẹ ta okùn láti èèkàn ọ̀tún sí ti òsì, kó kan bọ́ọ̀tù lórí. Ẹ má ri páípù fúnra rẹ̀ sínú kọ̀ǹkéré. Omi á dúró níbi tí irin àti símẹ́ǹtì ti pàdé, ìpẹtà á sì jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀ níbi tí ojú kò tó.

Ẹ máa bomi rin kọ̀ǹkéré fún ọjọ́ méje. Kó tó gba ẹrù, èmi máa ń dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọn yóò sọ fún yín pé ọjọ́ mẹ́ta ti tó. Ẹ máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn.

Páípù àti wáyà ìdè

Ẹ ti páípù kékeré bọ inú ńlá ní 60 sẹ̀ǹtímítà. Àlàfo bíi mílímítà márùn-ún ló máa wà láàárín wọn. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ dí i kó má máa gbọ̀n, kẹ́ ẹ lu bọ́ọ̀tù méjì já a ní ìdábùú ara wọn. Ẹ bo ẹnu òkè páípù kí òjò má wọ inú rẹ̀. Ẹ lu ihò kékeré sísàlẹ̀, torí omi á ṣì wọ̀ ọ́ lọ́nàkọnà, ó sì gbọ́dọ̀ rí ibi jáde.

Ipele wáyà méjì: ọ̀kan ní mítà 5.5, nísàlẹ̀ ìsopọ̀ páípù méjèèjì gan-an, èkejì ní mítà 10.5. Pẹ̀lú èèkàn tó wà ní mítà 8, wáyà òkè kọ̀ọ̀kan á gùn tó mítà 13.2, ti ìsàlẹ̀ 9.7. Mẹ́rin mẹ́rin, ó sún mọ́ mítà 92, láìka èyí tí a máa ká sẹ́yìn ní ìparí kọ̀ọ̀kan. Ẹ ra 110. Wáyà irin gálífánáìsì 4 tàbí 5 mílímítà ni kẹ́ ẹ rà, oní fọ́nrán púpọ̀ tí wọ́n lọ́ pọ̀. Irin gígùn lè máa gba agbára áńténà mọ́ra, nítorí náà ẹ fi ẹyin tánganran tí àwọn oníná ń lò gé wáyà òkè sí ìpín méjì tàbí mẹ́ta. Okùn polyester gidi náà dára, kò sì ń da áńténà láàmú. Okùn iké ọjà, ẹ ti gbọ́ ìtàn tèmi.

Níbi tí wáyà ti ká padà, kílíìpù mẹ́ta. Ẹ wo kílíìpù náà dáadáa: ó ní ara tó nípọn bíi gàárì, ó sì ní irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U. Gàárì ni kó jókòó lórí wáyà gígùn tó ń gbé ẹrù. Irin U ni kó di ìrù kúkúrú mú. Bẹ́ ẹ bá yí i padà, irin U á tẹ wáyà tó ń ṣiṣẹ́ fọ́. Nínú òpó mẹ́wàá tí mo bá yẹ̀ wò fún èèyàn, mo máa ń bá a ní òdì nínú èyí tó ju ìdajì lọ.

Láàárín wáyà àti òrùka èèkàn ni turnbuckle máa wà, irin onískúrù tí a fi ń fa wáyà le. Bẹ́ ẹ bá parí, ẹ fi wáyà tín-ín-rín gba inú rẹ̀ kọjá kẹ́ ẹ sì lọ́ ọ, nítorí atẹ́gùn máa ń tú skúrù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ ìgbédìde

Ẹ gbé páípù náà sùn sórí ilẹ̀, kẹ́ ẹ so gbogbo wáyà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì de ohun tí a fi ń fa àsíá sókè mọ́ orí rẹ̀, ìyẹn púlì kékeré pẹ̀lú okùn tó lọ tó bọ̀, kí áńténà lè máa gòkè kó máa sọ̀kalẹ̀ láìda òpó láàmú. Páípù mìíràn, mítà 4, ẹ so ó mọ́ ìdí òpó bí káfíńtà ṣe ń sọ ọ́: kó dúró síkúẹ́à, kó dojú kọ ọ̀run nígbà tí òpó bá sùn. Òun ni apá wa. Àwọn wáyà èèkàn iwájú, ìyẹn èyí tí a máa fà sí, orí apá yìí ni kẹ́ ẹ so wọ́n mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Láti orí apá náà ni okùn ìfà ti lọ sí wínṣì, ẹ̀rọ tí a fi ń ká okùn, tó wà ní èèkàn iwájú.

Ìfà àkọ́kọ́ ló wúwo jù, ó lé díẹ̀ ní àpò símẹ́ǹtì kan àbọ̀. Bí òpó bá ṣe ń dìde ló ń fúyẹ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ èèkàn mẹ́rin nìyí: wáyà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti wà ní gígùn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kì í le, wọn kì í dẹ̀, wọ́n kàn di òpó mú kó má yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni mo wà, ilẹ̀ tó tẹ́jú kò pọ̀. Bí èèkàn ẹ̀gbẹ́ kan bá ga ju hínjì lọ, kí ẹnìkan dúró tì í láti máa dẹ̀ ẹ́ tàbí fà á.

Wáyà ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ wọn ṣáájú tọkàntara. Bí òpó bá dé òòró, agbára ìfà yín kò tún ní ohun tó ń bá jà mọ́, ó lè bọ́ síwájú yín lójijì. Wáyà ẹ̀yìn nìkan ló máa sọ fún un pé ó tó. Bó ṣe dúró, ẹ má yọ wínṣì. Ẹ kó wáyà iwájú kúrò lórí apá lọ sí èèkàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe pọ̀.

Ẹnìkan péré ni kó máa pàṣẹ. Ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Dúró!" Kí ẹnikẹ́ni má wà lábẹ́ ibi tí òpó lè wó sí, kí àwọn ọmọdé wà nínú ilé pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. Bí atẹ́gùn bá ń mi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la.

Áńténà fúnra rẹ̀

Ẹ fi iye MHz tẹ́ ẹ fẹ́ lò pín 143, ẹ ó rí gígùn wáyà áńténà: fún 7.1, ó jẹ́ mítà 20.1 lápapọ̀, bíi mítà 10 lápá kọ̀ọ̀kan. Wáyà iná ilé 2.5 mílímítà ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ gé apá kọ̀ọ̀kan sí 10.4, kẹ́ ẹ fà á sókè, kẹ́ ẹ so ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ bíi lẹ́tà V tó dorí kodò. Igun òkè kò gbọ́dọ̀ kéré ju dígírì 90 lọ. Ní 90 yẹn, ìparí wáyà á wà ní nǹkan bíi mítà 4 sílẹ̀, okùn ni kẹ́ ẹ fi parí rẹ̀. Kó má sí ibi tí ọwọ́ èèyàn ti lè kàn án, nítorí ìparí yẹn máa ń jó ọwọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀.

Ẹ wo SWR, òǹkà tó ń sọ bí áńténà ṣe bá rédíò mu sí; 1.0 ló dára jù. Bó bá lọ sílẹ̀ jù lọ ní 6.9 MHz, wáyà gùn jù. Tẹ́ ẹ bá ká 10 sẹ̀ǹtímítà sẹ́yìn lápá kọ̀ọ̀kan, á gbéra sókè tó 70 kHz. Ẹ máa ká a, ẹ má tíì gé e. Lábẹ́ 1.5, ẹ fi sílẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ Sátidé lé 1.0 kiri, tí ẹnikẹ́ni lórí rédíò kò sì mọ ìyàtọ̀. Ní ti kébù tó ń so rédíò mọ́ áńténà, RG-58 tó fún bándì yìí, àmọ́ bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé áńténà 144 MHz sórí òpó kan náà, ẹ ra RG-213 tàbí èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀, torí mítà 30 RG-58 á gbé ju ìdajì agbára yín mì lójú ọ̀nà.

Ààrá

Ṣàngó kì í béèrè ìwé àṣẹ. Ẹ ri ọ̀pá kọ́pà mẹ́ta sídìí òpó fún ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ààrá máa gbà wọlẹ̀, kí àlàfo àárín wọn tó ìlọ́po méjì gígùn ọ̀pá kan, kẹ́ ẹ so wọ́n pọ̀ mọ́ òpó, kẹ́ ẹ sì so wọ́n mọ́ ẹ́ẹ̀tì iná ilé pẹ̀lú. Àwọn kan ń sọ pé kí ti rédíò dá wà. Rárá o. Bí ẹ́ẹ̀tì méjì bá yàtọ̀ síra nígbà tí ààrá bá sán, inú rédíò yín ni iná máa gbà láti ọ̀kan dé èkejì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná dáadáa. Mo máa ń da omi ìfọṣọ sídìí àwọn ọ̀pá náà.

Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, ẹ yọ kébù kúrò lára rédíò nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde nílé láàárín oṣù kẹta sí oṣù kọkànlá, kẹ́ ẹ sì gbé ẹnu rẹ̀ sóde. Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ìró ààrá, ó ti pẹ́ jù láti fọwọ́ kàn án.

Ìtọ́jú

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni mo máa ń dá tèmi sùn: ìparí oṣù kejì, àti inú oṣù kẹjọ nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀. Mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nu ìpẹtà, mo ń kun ibẹ̀ ní ọ̀dà síǹkì, mo ń wo púlì, mo ń pààrọ̀ téèpù tó bo ẹnu kébù. Ẹni tó ń gbé létí òkun, l'Ékòó tàbí ní Kọ̀tọ̀nú, kó fi ẹ̀ẹ̀kan kún un. Iyọ̀ inú atẹ́gùn kì í ṣe ọ̀rẹ́ irin. Kẹ́ ẹ tó da òpó sílẹ̀, ẹ wo òkè rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí agbọ́n bá ń wọ ibẹ̀ tó ń jáde, ẹ kọ́kọ́ lé wọn.

Lóṣooṣù, mo kàn máa ń rìn yí ká ni. Mo ń fi ìka ta wáyà kọ̀ọ̀kan, èyí tí ohùn rẹ̀ bá wálẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni mo ń fà le. Mo ń ro koríko ìdí èèkàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi iná sun ún. Mo ń tú ewúrẹ́ tí wọ́n bá so mọ́ òrùka. Ó wá ku ọ̀rọ̀ aṣọ sísá: wáyà ìdè tó gùn, tó le, tó wà nínú oòrùn, kò sí ìyàwó ilé tó máa rí i tí kò ní sá aṣọ sí i. Aṣọ tútù wúwo, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì sì ń gba atẹ́gùn bí ìgbòkun. Mo bẹ ìyàwó mi, kò gbọ́. Mo wá ra okùn ìsáṣọ gidi mítà 20 fún un, mo so ó sápá ibòmíràn tí oòrùn tún dára jù, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.